Kí Ẹ Tó Ra Pọ́ǹpù Sítíárì Mìíràn

Ẹni tó bá ń gbé lẹ́bàá títì ní Mọdákẹ́kẹ́ á ti mọ àwọn ariwo wọ̀nyí. Láàárọ̀ ọyẹ́, Camry tàbí Golf àtijọ́ kan á ṣíná, á sì ké "ṣíììì" tí gbogbo agbolé á gbọ́. Òmíràn kì í ké, kíkùn ló máa ń kùn, "ùùùn", bí awakọ̀ bá ń yí sítíárì láti yà kúrò ní ọ̀nà Òǹdó wọ inú àdúgbò. Ẹ̀kẹta kò ké, kò kùn, àmọ́ sítíárì rẹ̀ ti le débi pé ọwọ́ kan kò lè yí i mọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn mẹkáníìkì sábà máa ń sọ fún àwọn tó ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: pọ́ǹpù ti lọ. Wọ́n á ní kí wọ́n mú owó wá, kí àwọn ránṣẹ́ ra tòkunbọ̀ ní Gate n'Ìbàdàn tàbí ní Ladipọ̀ l'Ékòó.

Ohun tó ń fa igbe yẹn, kíkùn yẹn àti líle yẹn kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà, pọ́ǹpù ló sì yẹ kó gbẹ̀yìn nínú ohun tí ẹ ó fura sí. N kò sọ pé pọ́ǹpù kì í bàjẹ́ o. Ó máa ń bàjẹ́. Àmọ́ ọ́ìlì, họ́ọ̀sì àti bẹ́líìtì máa ń ṣáájú rẹ̀, owó tiwọn kéré, ẹ sì lè fi ojú àti etí ara yín yẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn wò kí ẹ tó wa mọ́tò dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí agbára náà ti ń wá. Nínú mọ́tò tí kò ní ìrànlọ́wọ́ kankan, apá awakọ̀ nìkan ló ń yí táyà iwájú. Àwọn tó wa Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, iwájú rẹ̀ fúyẹ́, ìdí nìyẹn tí apá fi gbà á. Ọ̀pọ̀ Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kàdúná láti 1975 náà, apá ni wọ́n fi ń yí i, ẹni tó bá sì fẹ́ fi 504 yípo níbi tó há, tí mọ́tò náà kò tíì rìn, á mọ̀ pé òun ṣiṣẹ́. Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní power steering, tí èmi yóò máa pè ní sítíárì alágbára, ni wọ́n fi gba awakọ̀ lọ́wọ́ iṣẹ́ yẹn. Ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà kan, Francis Davis, tó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ mọ́tò Pierce-Arrow, fi irú rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ dáadáa hàn ní 1926. Ó tó 1951 kí ilé-iṣẹ́ Chrysler tó fi í sínú mọ́tò tí wọ́n ń tà fún ará ìlú, ìyẹn Imperial wọn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí, púlì ńlá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀ ń bá a yí. Bẹ́líìtì, ìyẹn rọ́bà gígùn tó yí ara rẹ̀ po, gba orí púlì yìí lọ sórí púlì pọ́ǹpù, ó sì ń fi agbára ẹ́ńjìnnì yí pọ́ǹpù náà. Pọ́ǹpù á fa ọ́ìlì láti inú ike kékeré kan, á sì tì í pẹ̀lú agbára gba inú họ́ọ̀sì líle kan lọ sí ráàkì, ìyẹn irin gígùn tó wà lábẹ́ mọ́tò tó ń ti táyà méjèèjì sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bí ẹ bá ti yí sítíárì díẹ̀, ẹnu ọ̀nà kékeré kan nínú ráàkì á ṣí sí apá ibi tí ẹ ń lọ, ọ́ìlì á rọ́ gba ibẹ̀, á sì bá yín ti irin náà. Lẹ́yìn náà, á gba họ́ọ̀sì mìíràn, tó rọ̀, padà sínú ike.

Agbára tí ọ́ìlì yìí ní kò kéré rárá. Afẹ́fẹ́ inú táyà yín kì í ju 30 sí 35 psi lọ nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré. Bí ẹ bá yí sítíárì dé òpin, ọ́ìlì tó ń jáde lẹ́nu pọ́ǹpù lè ju 1,000 psi lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ fi ọwọ́ wá ibi tó ń jò nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́: ọ́ìlì tó bá tú jáde lójú ihò kékeré lè gún awọ ara wọlé. Ìdí kan náà ni kò fi dára láti di sítíárì mú ní òpin yíyí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí ó bá ti kanlẹ̀, ẹ dá a padà díẹ̀. Tó bá ju ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ níbẹ̀, ẹ ń se ọ́ìlì náà ni.

Kí ẹ tó fura sí pọ́ǹpù, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá mọ́tò yín ní in. Corolla ti 2003 sí 2008 tó wá láti Amẹ́ríkà ní pọ́ǹpù àti bẹ́líìtì. Láti Corolla ti 2009 tó wá láti Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ kékeré kan tí iná mànàmáná ń yí ló ń ran sítíárì lọ́wọ́. Kò sí pọ́ǹpù, kò sí ọ́ìlì, kò sí họ́ọ̀sì. Camry bọ́ sórí irú èyí ní 2012, Accord ní 2013. Peugeot 307, tí wọ́n tò ní Kàdúná náà, wà láàárín: ó ní pọ́ǹpù àti ọ́ìlì, àmọ́ iná bátìrì ló ń yí pọ́ǹpù náà, kì í ṣe bẹ́líìtì. Bí sítíárì 307 bá le, bátìrì àti wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè. Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ̀ ni kí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá ike kékeré tí wọ́n ya àwòrán sítíárì sí lórí ìdérí tàbí tí wọ́n kọ "power steering" sí. Bí kò bá sí níbẹ̀, tí ẹnì kan sì ń bá yín ṣe iye owó pọ́ǹpù, ẹ dá a dúró.

Tó bá wà, ọ́ìlì inú rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wò. Ẹ gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi aṣọ nu orí ike náà kí iyanrìn má bàa já sínú rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá wo ìlà tó wà lára rẹ̀. Lára ti Toyota, ẹ ó rí ìlà tí wọ́n kọ HOT sí àti èyí tí wọ́n kọ COLD sí: ti àkọ́kọ́ wà fún ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ti ìkejì fún ìgbà tó bá tutù. Àwọn mìíràn kọ MIN àti MAX. Ọ́ìlì tó lọ sísàlẹ̀ ìlà ìsàlẹ̀ ti tó láti mú kí sítíárì máa kùn, kó sì máa le lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ ẹ má kàn rọ ọ́ìlì sí i kí ẹ máa lọ. Ọ́ìlì sítíárì kì í jóná bíi ti ẹ́ńjìnnì. Kò sí ibi tó ń lọ àfi kó jò. Nítorí náà, bí ó bá dín kù, ibì kan wà tó ti jáde. Ẹ tẹ́ páálí funfun tàbí ìwé ìròyìn sábẹ́ iwájú mọ́tò lálẹ́, kí ẹ wò ó láàárọ̀. Ọ́ìlì sítíárì nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò àtijọ́ jẹ́ pupa nígbà tó wà ní tuntun, ó sì máa ń di aláwọ̀ ilẹ̀ bó bá ti pẹ́. Omi rédíétọ̀ Toyota náà pupa, nítorí náà ẹ fi ìka méjì ra á wò: ọ́ìlì máa ń yọ̀ ju omi náà lọ. Àwọn Volkswagen kan sì ń lo ọ́ìlì aláwọ̀ ewé.

Ibi tí ó ti kán sórí páálí á jẹ́ kí ẹ mọ ibi tó ti wá. Bó bá jẹ́ tààrà lábẹ́ púlì pọ́ǹpù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ síìlì, ìyẹn rọ́bà tó ń dènà jíjò, tó wà lẹ́nu irin pọ́ǹpù. Bó bá jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ẹ wo rọ́bà tó ṣẹ́po bí àkọ́díọ̀nù tó bo ẹ̀gbẹ́ ráàkì. Bí rọ́bà yẹn bá rọ̀ bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ tó sì kún fún ọ́ìlì, síìlì inú ráàkì ló ti jẹ, kì í ṣe ti pọ́ǹpù. Bó bá wà láàárín, ẹ tẹ̀lé họ́ọ̀sì líle náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀. Níbi tí irin àti rọ́bà họ́ọ̀sì ti pàdé ló sábà máa ń là. Ẹ má sì fojú kékeré wo jíjò tó ń kán sórí páìpù èéfín, torí ọ́ìlì yìí lè gbaná.

Ẹ̀wẹ̀, irú ọ́ìlì tí ẹ rọ sínú rẹ̀ ṣe pàtàkì. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní "haidirọ́líìkì" ni wọ́n ń rọ sínú gbogbo mọ́tò láìbéèrè. Ti Toyota kò ní wàhálà: wọ́n kọ ATF Dexron sórí ìdérí ike rẹ̀, ìyẹn ọ́ìlì pupa kan náà tí wọ́n ń lò fún jíà ọlọ́tọmátíìkì. Honda yàtọ̀. Ó ní ọ́ìlì sítíárì tirẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sórí ìdérí pé òun nìkan ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá rọ ọ́ìlì pupa sínú Honda, sítíárì á ṣì máa rọ̀ lónìí àti lọ́la, àmọ́ àwọn síìlì inú rẹ̀ kì í fara dà á pẹ́. Ẹ ka orí ìdérí náà kí ẹ tó san owó ọ́ìlì.

Ó ku ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́, èmi ò sì rò pé ohun mìíràn wà tó ti mú kí wọ́n ju pọ́ǹpù tó dára nù tó èyí. Pọ́ǹpù lè ti ọ́ìlì, kò lè ti afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú ọ́ìlì, pọ́ǹpù á bẹ̀rẹ̀ sí kùn, kíkùn náà á máa ròkè bí ẹ bá ṣe ń tẹ tọ́tù, á sì tún le sí i bí ẹ bá ń yí sítíárì. Ẹ ṣí ike náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ kí ẹ wo inú rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ń yọ ìfófòó, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú bíi wàrà tó dàrú, afẹ́fẹ́ ti wọ ibẹ̀.

Báwo ni afẹ́fẹ́ ṣe ń wọlé nígbà tí ọ́ìlì kò jò? Họ́ọ̀sì méjì ló wà lára pọ́ǹpù. Ọ̀kan ń ti ọ́ìlì jáde. Bí ó bá ya, ẹ ó rí ọ́ìlì nílẹ̀. Ìkejì ń fa ọ́ìlì wọlé láti inú ike. Bí ọmọdé bá ń fi sítóróò fa míníràlì, tí sítóróò náà sì ní ihò kékeré lókè omi, míníràlì kì í dà nù lójú ihò yẹn; afẹ́fẹ́ ló máa ń bá a wọ ẹnu, á sì máa dún. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní apá tí pọ́ǹpù ti ń fa ọ́ìlì nìyẹn. Kò jò, páálí yín mọ́ tónítóní, ìwọ̀n ọ́ìlì pé, síbẹ̀ pọ́ǹpù ń kùn.

Àwọn tó ń wa Honda Accord ti 2003 sí 2007, tí gbogbo ayé mọ̀ sí End of Discussion, ló yẹ kó fi èyí sọ́kàn jù. Lẹ́nu ibi tí họ́ọ̀sì tó ń fa ọ́ìlì ti wọ inú pọ́ǹpù Accord yìí, òrùka rọ́bà kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju òrùka ọwọ́ lọ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ooru ẹ́ńjìnnì á mú kí ó le, á sì di pẹlẹbẹ, kò ní lè dí àyè náà mọ́. Afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀ wọlé. Sípánà kan àti bóótì méjì ni wọ́n fi ń tú ibẹ̀, owó òrùka náà kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó pọ́ǹpù tòkunbọ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé bí ẹ bá pààrọ̀ pọ́ǹpù láì pààrọ̀ òrùka, tí pọ́ǹpù tí ẹ rà sì wá pẹ̀lú òrùka àtijọ́ tirẹ̀, kíkùn náà á padà dé. Ẹni tó tà á fún yín á ní ọwọ́ mẹkáníìkì ni kò dá, mẹkáníìkì á ní pọ́ǹpù burúkú ni wọ́n tà fún yín.

Bí ẹ bá ti rí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí ẹ sì dí i, ẹ ní láti lé èyí tó ti wà nínú rẹ̀ jáde. Ẹ fi jáàkì gbé iwájú mọ́tò sókè, ẹ fi òkúta dènà táyà ẹ̀yìn, ẹ má sì wọ abẹ́ rẹ̀. Láì ṣí iná ẹ́ńjìnnì rárá, ẹ yí sítíárì díẹ̀díẹ̀ láti òpin kan dé èkejì, ní nǹkan bí ìgbà ogún, kí ẹnì kan máa wo ike kó sì máa rọ ọ́ìlì sí i bó bá ti ń lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣíná, kí ẹ tún yí i jẹ́jẹ́. Bí ìfófòó bá ṣì wà, ẹ pa á, kí ẹ fún un ní wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kánjú ṣí iná ẹ́ńjìnnì kí ọ́ìlì tó dé gbogbo ibẹ̀ yóò kàn po afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ ọn ni.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí bẹ́líìtì. Ohùn tirẹ̀ yàtọ̀ gedegbe: ó máa ń ké ni, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì máa ń wá lójijì nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná tàbí tí ẹ bá yí sítíárì dé òpin, nítorí pé ìgbà yẹn ni pọ́ǹpù nílò agbára jù. Bẹ́líìtì tí kò le tó á yọ̀ lórí púlì dípò kó yí i. Ìyọ̀ yẹn ló ń dún, òun náà ló sì ń mú kí sítíárì le fún ìṣẹ́jú kan, kó tún rọ̀. Lásìkò òjò, bí omi àbàtà bá fọ́n sókè bá bẹ́líìtì, ó lè yọ̀ díẹ̀ kó sì ké. Bó bá dákẹ́ nígbà tó gbẹ, ẹ má dààmú.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó fi ọwọ́ kan bẹ́líìtì. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, púlì tó ń yí ti gé ìka ènìyàn rí. Bó bá jẹ́ bẹ́líìtì àtijọ́ tó rí bíi lẹ́tà V, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín rẹ̀ níbi tó gùn jù láàárín púlì méjì: ó yẹ kó wọlé ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Bó bá wọlé jù bẹ́ẹ̀, ó ti dẹ̀. Bí kò bá wọlé rárá, ó ti le jù, líle jù yẹn á sì jẹ bíárìn, ìyẹn irin tó ń jẹ́ kí púlì yí geere, run nínú pọ́ǹpù tàbí nínú ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná. Bó bá jẹ́ bẹ́líìtì fífẹ̀ onílà púpọ̀, ẹ yí inú rẹ̀ síta kí ẹ wò ó. Ti àtijọ́ máa ń sán. Rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe àwọn tòde òní kì í tètè sán, ó máa ń jẹ ni, bíi ti táyà: ìlà inú rẹ̀ á di ńlá, bẹ́líìtì náà á sì máa yọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ dára. Bí ẹ bá rí i tó ń dán, tàbí tí ọ́ìlì ti mu ún, kò sí àtúnṣe. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ wá ibi tí ọ́ìlì náà ti kán sí i lára.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ nígbà tí bẹ́líìtì bá ń ké, kí ẹ dúró jìnnà díẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí kò ṣò, kí ẹ fi ike tí wọ́n ń fi fọ́n omi sí aṣọ tí wọ́n fẹ́ lọ̀ fọ́n omi díẹ̀ sí apá onílà bẹ́líìtì. Bí igbe náà bá pọ̀ sí i, bẹ́líìtì ń yọ̀: ó ti dẹ̀ tàbí tẹ́ńṣọ́nà, ìyẹn ohun tó ń fa bẹ́líìtì le, ti rọ. Bí ó bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tó sì tún padà, púlì kan ni kò dúró gún pẹ̀lú àwọn yòókù. Irú èyí sábà máa ń tẹ̀lé pọ́ǹpù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ tí wọn kò dè é síbi tó yẹ.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi ọṣẹ gbígbẹ pa bẹ́líìtì. Igbe náà á dákẹ́ lóòótọ́, bóyá títí ẹ ó fi dé Mayfair ní Ifẹ̀. Kò sí ohun tí ọṣẹ ṣàtúnṣe níbẹ̀, ìdọ̀tí á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Mo gbà pé owó kì í wà nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹ kàn sún ọjọ́ síwájú ni.

Ohun tó tún yẹ kí ẹ mọ̀ nípa bẹ́líìtì yín ni ohun mìíràn tó ń yí. Nínú Camry onísílíńdà mẹ́rin ti 1997 sí 2001, pọ́ǹpù sítíárì ní bẹ́líìtì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ó bá já lọ́nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, sítíárì á le, àmọ́ ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́, ẹ sì lè fi apá wa mọ́tò jẹ́jẹ́ délé. Ti Corolla 2003 sí 2008 kò rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí pọ́ǹpù sítíárì, ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ amúlétutù àti pọ́ǹpù omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára. Bí sítíárì Corolla bá le lójijì tí iná bátìrì sì tàn lójú pátákó, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń wà á lọ pé "ilé kò jìnnà mọ́" lè fi bẹ́líìtì kan ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Bí ọ́ìlì bá pé tí kò ní afẹ́fẹ́, tí bẹ́líìtì sì dára, ìgbà yẹn ni ká wá fura sí pọ́ǹpù fúnra rẹ̀. Àmì tó hàn jù ni èyí: sítíárì á le sọ́tùn-ún àti sósì bákan náà, pàápàá nígbà tí mọ́tò bá dúró tí ẹ́ńjìnnì ń mí jẹ́jẹ́, tí ọ́ìlì sì ti gbóná. Bí ẹ bá tẹ tọ́tù díẹ̀, á rọ̀. Pọ́ǹpù tí inú rẹ̀ ti jẹ kò lè ti ọ́ìlì tó bó ṣe yẹ bí kò bá yí kíákíá. Àmì kejì ni bíárìn. Ẹ fi orí sikirudáífà gígùn kan ara pọ́ǹpù, ẹ gbé etí lé ìdí rẹ̀, kí ẹ sì ṣọ́ra fún púlì àti fáànù. Ohùn tó ń ha á dún ketekete bó bá jẹ́ inú pọ́ǹpù ló ti ń wá. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ́tánétọ̀ náà, torí ariwo bíárìn rẹ̀ máa ń tan ènìyàn jẹ. Mẹkáníìkì tó ní gééjì tí wọ́n fi ń wọn agbára ọ́ìlì lè fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ láìsí àríyànjiyàn. Gééjì yìí kò wọ́pọ̀. Ẹni tó bá ní in, ẹ fọwọ́ pàtàkì mú un.

Àwọn àìsàn kan wà tí pọ́ǹpù kò mọ nǹkan kan nípa wọn. Bí sítíárì bá le sí apá kan tó sì rọ̀ sí apá kejì, ráàkì ni, nítorí pọ́ǹpù kan náà ló ń fún ọ̀tún àti òsì lágbára. Bí ó bá le láàárọ̀ tí ohun gbogbo tutù, tó sì rọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti wà á fún ìgbà díẹ̀, síìlì inú ráàkì ló ti jẹ. Bí ó bá ń kan "gbọ̀, gbọ̀" lórí gegele, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì àti àwọn irin abẹ́ mọ́tò ni kí ẹ bojú wò. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò pé náà máa ń mú sítíárì le, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn ìyẹn kí ẹ tó ronú kan ohunkóhun. Bí ẹ bá sì gbé iwájú mọ́tò sókè, tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa, tí sítíárì ṣì ń há tàbí tó ń gán níbì kan, irin kan ló ti dìpẹtà.

Ká ní pọ́ǹpù ti bàjẹ́ lóòótọ́. Kí ẹ tó sanwó fún tòkunbọ̀, ẹ fi ọwọ́ yí púlì rẹ̀: ó yẹ kó yí geere láì ha. Ẹ mi irin àárín rẹ̀ wò. Bó bá ń mì, ẹ dá a padà. Ẹ gbóòórùn ọ́ìlì tó kù nínú rẹ̀. Bó bá ń rùn bí ohun tó jóná, ìyà tó jẹ níbi tó ti wá ti pọ̀. Nígbà tí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ má fi ìtìjú bò ó, ẹ sọ ohun tí ẹ rí fún un: "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ọ́ìlì pé, bẹ́líìtì kò dẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá gbóná ó máa ń le lọ́tùn-ún lósì." Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á dùn sí i, torí ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ fún un. Ẹ tún bẹ̀ ẹ́ pé kó pààrọ̀ òrùka rọ́bà gbogbo, kó sì kó pọ́ǹpù àtijọ́ lé yín lọ́wọ́.

Lẹ́yìn náà ni ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe. Pọ́ǹpù tó jẹ nínú ti da eérú irin sínú ọ́ìlì, eérú náà sì wà nínú họ́ọ̀sì, nínú ráàkì, àti nínú ike tí ó ní asẹ́ kékeré nísàlẹ̀ nínú àwọn mọ́tò kan. Bí ọ́ìlì dúdú yẹn bá padà wọ pọ́ǹpù tuntun, irin yẹn á tún jẹ ẹ́. Ẹ ní kí wọ́n tú họ́ọ̀sì ìpadàbọ̀ kúrò lára ike, kí wọ́n da ọ́ìlì àtijọ́ sínú gálọ́ọ̀nù, kí wọ́n fọ ike náà, kí wọ́n sì máa rọ ọ́ìlì tuntun títí èyí tó ń jáde á fi mọ́. Bí ọ́ìlì tuntun ò bá tíì dé ọwọ́ mẹkáníìkì, ẹ má tíì jẹ́ kó de pọ́ǹpù náà.